Jáàkì wo ló lè wọ abẹ́ alùpùpù tó rẹlẹ̀?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀kè Àró ni mo wà nílùú Àkúrẹ́, nínú ọgbà ilé wa, ọmọ àdúgbò méjì ló sì ń bá mi di alùpùpù yìí mú. Honda Shadow ni. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń gbé èrò lọ sí Ọjà Ọba. Bajaj tiwọn ní sítáńdì méjì: ẹ fẹsẹ̀ tẹ ti àárín, táyà ẹ̀yìn á gbéra nílẹ̀, ẹ ó fi ọ́ìlì sí ṣéènì, ó parí. Bí Bajaj lẹ ní, ẹ má ra jáàkì, ẹ fowó yín ra epo. Ẹni tó ní irú tèmi yìí, tí ìjókòó rẹ̀ rẹlẹ̀, tí kò sì sí sítáńdì àárín lábẹ́ rẹ̀, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ bá wọ ọjà lọ béèrè jáàkì, tọ́ọ̀nù ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi kí yín. "Bọ̀ọ̀dá, tọ́ọ̀nù 2 rèé, tọ́ọ̀nù 5 rèé, ó lè gbé tírélà." Tírélà ta ni? Tọ́ọ̀nù 1 jẹ́ kílò 1,000. Tèmi yìí lé díẹ̀ ní kílò 200. Àwọn Harley-Davidson ńlá máa ń lé ní 300. Kò sí èyí tí tọ́ọ̀nù 1 ò lè gbé nínú wọn. Ohun tó yẹ kí ẹ bi ọlọ́jà ni pé: tí jáàkì yìí bá sùn sílẹ̀ pátápátá, báwo ló ṣe ga tó? Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ mú téèpù yín dání.

Àmọ́ ilé ni téèpù yẹn ti máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó. Mo ní kí wọ́n gbé alùpùpù nàró ṣánṣán, torí tó bá fì sórí sítáńdì ẹ̀gbẹ́, apá òsì á rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ, ìwọ̀n ọ̀hún á sì tàn yín jẹ. Mo ki téèpù bọ abẹ́. Irin férémù méjì rèé, wọ́n nà gbọọrọ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì: ínṣì 5. Ẹ má tíì dúró níbẹ̀ o. Sáílẹ́ńsà tún sọ̀ kalẹ̀ jù wọ́n lọ: ínṣì 4 àti ààbọ̀. Ti sáílẹ́ńsà ni kí ẹ kọ sílẹ̀, òun ni jáàkì máa kọ́kọ́ pàdé. Ẹni tó ni ín kó tó dé ọwọ́ mi ló fi ṣọ́ọ̀kù kúkurú sẹ́yìn rẹ̀ nítorí fáàrí. Ó ti ṣe fáàrí lọ, èmi ni mò ń dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́jà. Jáàkì onígò tó ń dúró ṣánṣán, kékeré rẹ̀ pàápàá máa ń tó ínṣì 6 sí 7. Kò lè wọlé. Jáàkì onítáyà tí àwọn tó ń lẹ táyà ń fà kiri, ti gbogbogbòò máa ń tó bí ínṣì 5, ojú kan ṣoṣo ló sì fi ń gbé nǹkan. Alùpùpù á kàn yẹ̀ lórí rẹ̀ ni. Èyí tó yẹ wá ni jáàkì alùpùpù gan-an, tó ní irin gbọọrọ méjì lórí tí wọ́n lẹ róbà mọ́, tó lè gba abẹ́ férémù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Onísíkúrù wà níbẹ̀, tó ń ṣí bí àlùmọ́gàjí, tí a ń fi sípánà yí. Kì í yá, ṣùgbọ́n ó lè sùn dé bí ínṣì 4, òmíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Ọlọ́ìlì tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ dùn ún lò jù ú lọ, ó sì sábà máa ń ní irin ìdènà tí kò ní jẹ́ kó já wálẹ̀. Ibi tó ti ń dunni ni pé ọ̀pọ̀ wọn ò sùn ju ínṣì 4 àti ààbọ̀ tàbí 5 lọ. Ọlọ́ìlì ni mo rà. Tókunbọ̀. Ínṣì 5. Mo dé ilé, kò wọlé.

Mo ní kò burú. Mo lọ sí ṣómìlì, mo ra pákó ínṣì kan, mo ti táyà iwájú àti tẹ̀yìn gùn ún. Ọgbọ́n yẹn dára, mo ṣì ń lò ó títí dòní. Sítáńdì ẹ̀gbẹ́ ni mo gbàgbé. Alùpùpù ti ga sí i, sítáńdì ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe yíjú láti mú jáàkì, ó rọra dùbúlẹ̀ sápá òsì bíi màlúù tó ti jẹko yó. Dígí fọ́, ọwọ́ kílọ́ṣì kán. Ìyá mi yọjú láti ilé ìdáná, wọ́n wo pákó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ kẹta ńkọ́?"

Nítorí náà, pákó mẹ́ta ni. Ẹ sì wọn pákó náà, torí èyí tí wọ́n ń pè ní ínṣì kan ní ṣómìlì, kì í pé. Bí ọgbà yín bá jẹ́ yanrìn, táyà kéékèèké jáàkì á rì. Pákó tí ẹ bá wá tẹ́ sábẹ́ jáàkì náà ti jẹ àǹfààní tí ẹ rí. Orí kọ̀ǹkéré ni kí ẹ ti ṣe é.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tókunbọ̀, ẹ wo irin dídán tó ń yọ jáde nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí ọ́ìlì bá rin ọrùn rẹ̀, tàbí tí ẹ rí ojú ibi tí nǹkan ti ha á, ẹ gbé e sílẹ̀. Bó bá dán, ẹ tẹ̀ ẹ́ dókè, kí géńdé méjì jókòó lé e láìfi irin ìdènà há a, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó dé. Ẹ lọ mu omi. Tí ẹ bá padà dé tí àmì ti sọ̀ kalẹ̀, róbà inú rẹ̀ ti kú. Ọlọ́jà lè bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Ó dáa, ẹ wo tèmi. Pákó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fi okùn tí mo gé lára túùbù so ọwọ́ bíréèkì iwájú pinpin, kí táyà iwájú má baà yí. Jáàkì ti wọlé, ó kù díẹ̀ kó kan sáílẹ́ńsà. Mo wá ki igi pẹlẹbẹ méjì sáàárín irin jáàkì àti férémù. Wọ́n nípọn ju ààbọ̀ ínṣì lọ, kó lè jẹ́ pé férémù ni jáàkì ń gbé, kì í ṣe sáílẹ́ńsà. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ dì í mú dáadáa, ẹ má tíì jù ú sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Irin ìdènà ti há. Táyà ẹ̀yìn ti kúrò nílẹ̀, ẹ wò ó bó ṣe ń yí. Ó tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ṣéènì ò gbà jù báyìí lọ. Ẹ bá mi na ọ́ìlì yẹn.