Ẹ Jẹ́ Ká Sàmì sí Igi: Ọ̀rọ̀ tí Mo Bá Àwọn Ará Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin Sọ

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó o. Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá: ká yan igi nínú igbó wa, ká sàmì sí wọn lára, ká máa pa dà sọ́dọ̀ wọn lóṣooṣù, ká sì máa kọ ohun tí ojú wa bá rí sílẹ̀.

Gbogbo wa là ń sọ pé ojú ọjọ́ ti yí pa dà. À ń sọ pé àkọ́rọ̀ òjò kì í tètè dé mọ́, pé ẹmi, igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, kì í so bíi tàtijọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi yín pé ẹmi wo, níbo ló wà, oṣù wo ló tanná lọ́dún tí ẹ ń sọ, ariwo á pọ̀, ìdáhùn á wọ́n. Ọdún tó burú jù àti ọdún tó dára jù ni ọkàn èèyàn máa ń dì mú. Àwọn tó wà láàárín ti lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn la nílò ká tó lè mọ̀ bóyá nǹkan yí tàbí kò yí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ igi kan náà. Nọ́ọ̀sì kì í wọn Àkànkẹ́ lóṣù yìí, kó wá wọn ọmọ ilé kejì lóṣù tó ń bọ̀, kó ní Àkànkẹ́ ti sanra. Ẹ sì máa kọ òdo! Lọ́jọ́ tí ẹ dé ìdí igi tí kò sí òdòdó, tí kò sí èso, ẹ kọ ọ́ pé kò sí. Ẹni tó ń kọ̀wé lọ́jọ́ tí igi bá so nìkan kò lè sọ fún wa lọ́la pé igi ò so mọ́.

Ẹ wo igbó Lopé ní Gàbọ́ọ̀nù. Láti ọdún 1986 ni wọ́n ti ń wo àwọn igi tí wọ́n sàmì sí níbẹ̀, lóṣù-lóṣù. Ní 1987, nínú igi 10, èèyàn á rí ọ̀kan tí èso pọ́n lórí rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2018, èèyàn ní láti wo igi tó lé ní 50 kó tó rí ẹyọ kan. Erin ibẹ̀ ti ń rù. Ohun tí àwọn olùwádìí fura sí ni pé àwọn igi kan ń retí òru ẹ̀ẹ̀rùn tó tutù, tí kò tó ìwọ̀n 19 dígírì, kí wọ́n tó tanná, bẹ́ẹ̀ òru sì ti ń móoru sí i. Ta ni ì bá mọ̀ ká ní wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀? Ní Norfolk nílùú Òyìnbó, Robert Marsham bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àmì ìgbà ìrúwé sílẹ̀ ní 1736, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń bá a lọ títí di 1958. Ohun àjogúnbá ìdílé ni wọ́n fi ṣe.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè ọ̀run, ti tó. Mo ti bá wọn jiyàn, mo ṣì máa bá wọn jiyàn. Ọjọ́ 16 ni sátẹ́láìtì Landsat kọ̀ọ̀kan fi ń pa dà sórí ibi kan náà. Tí ó bá sì jẹ́ ìgbà òjò, ìkùukùu ló máa yà. Ó lè mọ̀ pé igbó tutù yọ̀yọ̀. Òdòdó irúgbá tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó ń fì lórí okùn gígùn, tí àdán ń wá mu omi dídùn rẹ̀ lóru, kò lè rí i. Irú tí àwọn ìyá wa ń tà, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àkókò ń lọ, ẹ jẹ́ n yára. Nǹkan márùn-ún ni ká máa wò: ewé tuntun, òdòdó, èso tútù, èso pípọ́n, wíwọ́ ewé. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti òdo tó túmọ̀ sí pé kò sí, títí dé mẹ́rin tó túmọ̀ sí pé ó pọ̀ gan-an. Igi ẹyọ kan kò tó fún irú igi kan, pàápàá ìrókò, torí akọ rẹ̀ yàtọ̀ sí abo, akọ kì í so. Ẹ kọ òjò pẹ̀lú, nítorí Ṣábẹ̀ẹ́ wà láàárín gúúsù tí ìgbà òjò rẹ̀ pín sí méjì àti àríwá tó ní ẹyọ kan.

Ibí yìí ni bàbá ọdẹ kan ti dìde. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, gbogbo ohun tí o sọ dára, àmọ́ o ò dárúkọ iná. Bí iná bá jó, tí igi rúwé, ṣé àkókò ló mú un rúwé ni àbí iná?”

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kó gba ìyókù àkókò wa, òun náà ló sì gbà á. Iná tó tètè jó ní oṣù Bélú yàtọ̀ sí èyí tó jó ní Èrèlé, tí koríko ti gbẹ pátápátá, tí òdòdó ẹmi sì ti wà lórí igi. Ti Èrèlé lè sun òdòdó náà, kí ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ máa fi òjò sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni apá àti ọ̀gánwó tí àwọn darandaran ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù lẹ́ẹ̀rùn: igi tí wọ́n gé kò ní so dáadáa, ọ̀bẹ ló sì fà á.

A ti wá fi ìlà méjì kún ìwé náà, ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún gígé. A tún fẹ́ wo àwọn igi tó wà nínú igbó òrìṣà, níbi tí iná kì í dé, ká lè fi wọ́n wé ti ìta. Láti 2012 ni ìjọba Benin ti fi àṣẹ kan dá irú igbó bẹ́ẹ̀ mọ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín la máa kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè. Ìlà iná, àwọn ọdẹ ló máa kọ ọ́, nítorí àwọn ló mọ ọjọ́ tó jó àti ẹni tó dá a. Ṣẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ dábàá pé ká bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní ó ti pẹ́ jù, pé iná á ti kọjá. Oṣù Bélú la fẹnu kò sí.