Bí a ṣe ń yẹ ilẹ̀ ñadi wò kí a tó gbẹ́ gọ́tà sí i

Ẹ káàbọ̀ o. Ìtòsí Puerto Montt ní gúúsù Chile la wà lónìí, lórí ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ibí ń pè ní ñadi. Eérú àwọn òkè ayọnáyèéfín ló di erùpẹ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wọn, Calbuco, ṣì tú eérú jáde ní ọdún 2015. Abẹ́ eérú náà ni òkúta wẹ́wẹ́ wà, èyí tí omi yìnyín ayé àtijọ́ wọ́ wá. Afẹ́fẹ́ òkun ń mú ojú ọjọ́ tutù, òjò ọdún kan sì ń ju 1,500 mílímítà lọ. Láti oṣù kẹfà dé ìkẹjọ, omi á dúró lórí pápá, ẹsẹ̀ màlúù á máa rì. Gọ́tà jíjìn ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Kòtò àyẹ̀wò la máa kọ́kọ́ gbẹ́.

Ẹ gbẹ́ ẹ kó fẹ̀ tó ibi tí èèyàn lè wọ̀ kó sì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ ìró òkúta lẹ́nu ṣọ́bìrì, ẹ dúró. Kì í sábà jìn tó mítà kan. Ẹ gbé ṣọ́bìrì tì, ẹ fi ọ̀bẹ fá erùpẹ̀ tó kù kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ wò ó níbí: èèpá tó le, tó pupa rúsúrúsú, tí kò nípọn ju mílímítà mélòó kan lọ. Fierrillo ni wọ́n ń pè é. Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Ihò inú eérú kéré, ti inú òkúta wẹ́wẹ́ tóbi. Ihò kékeré máa ń di omi mú, kì í jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ihò ńlá títí omi á fi kún inú eérú. Omi tó pẹ́ níbẹ̀ ń yọ́ irin inú erùpẹ̀. Bí irin náà bá pàdé afẹ́fẹ́ lẹ́nu òkúta, á dì, á le. Ẹ wo gbòǹgbò koríko yìí: nígbà tó dé orí èèpá, ńṣe ló yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó yá, ẹ mú erùpẹ̀ tútù díẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò rá a mọ́ ìka. Á kọ́kọ́ dúró gírí, lẹ́yìn náà á ṣàdédé yọ̀ bí ọṣẹ, omi á sì yọ. Àmì allophane nìyẹn, ohun tín-ín-tín tí eérú ń dà bí òjò bá ti ń fọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Èyí tó kàn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí májèlé ni oògùn sodium fluoride tá a fẹ́ lò. Ẹ fi erùpẹ̀ bíńtín sórí bébà tí wọ́n ti rẹ sínú phenolphthalein (oògùn tó ń yí àwọ̀ padà), ẹ kán sodium fluoride sí i. Bó bá pọ́n, alumíníọ̀mù inú eérú ló ń dáhùn. Ẹni tó ní mítà pH (èyí tó ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó), kó po erùpẹ̀ gíráàmù 1 mọ́ mílílítà 50 oògùn sodium fluoride náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, 9.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ là ń wá. Bí wọ́n bá ti fọ́n láìmù (ìyẹ̀fun funfun tó ń dín kíkan erùpẹ̀ kù) sórí pápá, ẹ má gba èsì erùpẹ̀ òkè gbọ́, ẹ mú ti ìsàlẹ̀.

Ṣé omi ń fún ilẹ̀ yìí lọ́rùn lóòótọ́? Àwọ̀ òkè kò ní sọ fún yín, ó ti dúdú jù. Ẹ fi ọwọ́ la ògúlùtu kan sí méjì, ẹ fín alpha,alpha-dipyridyl, oògùn tó ń fi irin tí kò rí afẹ́fẹ́ hàn, sí ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Bó bá di pupa, afẹ́fẹ́ ti tán níbẹ̀. Ojú tí ṣọ́bìrì ti fọwọ́ kàn kò ṣeé lò, irin ṣọ́bìrì fúnra rẹ̀ lè mú un pọ́n.

Erùpẹ̀ tí ẹ máa gbé lọ fún àyẹ̀wò, inú láílọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ dì í sí ní tútù. Ẹ má sá a sóòrùn! Eérú yìí, bó bá ti gbẹ jù, ó ń sún kì, ó ń dà bí iyanrìn, kì í sì gba omi bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun kan náà ni gọ́tà jíjìn lè ṣe fún pápá yín.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ri páìpù oníhò méjì mọ́lẹ̀ kí n tó dábàá ohunkóhun. Ọ̀kan dúró lókè fierrillo, èkejì gba inú rẹ̀ kọjá sínú òkúta wẹ́wẹ́, a sì fi amọ̀ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí omi òkè má bàa jò wọ̀ ọ́. Bí omi inú páìpù jíjìn bá lọ sílẹ̀ gan-an ju ti kúkúrú lọ, eérú àti èèpá ló gbé omi dúró, a lè ronú àtifọ́ èèpá. Bí méjèèjì bá dọ́gba, òkúta wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀ ti kún. Owó tẹ́ ẹ bá fi fọ́ èèpá, ẹ dà á nù ni.

Tèmi o, gọ́tà tí kò jìn ni mo fara mọ́, èyí tó mú omi ojú ilẹ̀ lọ tí kò sì kan òkúta, kó ní pákó tá a lè fi dí i ní oṣù kẹwàá. Oṣù kìíní, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbí, ń bọ̀, eérú tínrín yìí nìkan ni koríko máa mu omi nínú rẹ̀. Bí alerce, igi ńlá tó ń pẹ́ láyé gan-an, bá wà nítòsí, ẹ gbé gọ́tà jìnnà sí i. Òfin Chile ti ń dáàbò bò ó láti ọdún 1976. Ajílẹ̀ onífọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sì rèé, ẹ má fọ́n ọn káàkiri, ilẹ̀ yìí á gbé e mì. Ẹ̀gbẹ́ irúgbìn ni kẹ́ ẹ tò ó sí.

Ẹ máa wọn omi páìpù méjèèjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù karùn-ún dé ìkẹsàn-án, ẹ kọ òjò ọ̀sẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ tó pe ẹni tó ń wa katakata.