Ọjọ́ Méje Nínú Àgọ́

Ẹ kà: Léfítíkù 23:39-43

"Kí ẹ̀yin kí ó máa gbé inú àgọ́ ní ọjọ́ méje... kí ìran-ìran yín kí ó lè mọ̀ pé, èmi ni ó mú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gbé inú àgọ́, nígbà tí mo mú wọn jáde láti ilẹ̀ Íjíbítì wá."

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run. A kú ewu òru.

Lọ́la la óò kó àwọn ọmọ lọ sí kámpù. Ẹni tó bá gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá nírọ̀lẹ́ àná yóò ti rí àwọn ẹní tí a ká jọ, àpò gàrí, àti àwọn ife oníke tí ìyá kálukú kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí nídìí. Ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tètè padà o. Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀." A jọ rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà sùn, mo sì gbé e jí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé òyìnbó ló gbé ọ̀rọ̀ kámpù ọmọdé dé. Òótọ́ wà níbẹ̀, n ó sì débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a kà yìí ná. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí odidi ìdílé fi ilé sílẹ̀, kí wọ́n gé imọ̀ ọ̀pẹ àti ẹ̀ka igi, kí wọ́n lọ sùn nínú àgọ́ fún ọjọ́ méje. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Kénáánì ò mọ aginjù. Wọn ò tọ́ mánà wò rí. Bàbá lè jókòó sórí àga kó máa pìtàn náà títí, etí ọ̀tún ni yóò gbà wọlé, tòsì ni yóò gbà jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá sùn sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, tí ìrì sẹ̀ sí i lára, tó ń yọjú wo ìràwọ̀ láàárín ewé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bèèrè pé, "Bàbá, kí la wá ṣe níta?" Ìbéèrè yẹn ni Ọlọ́run ń wá.

Ẹ sì jọ̀ọ́, kò ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ sínú àgọ́ kí bàbá àti ìyá wá padà lọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ilé ni.

Ní ti òyìnbó, ọkùnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Josiah Spiers. Kì í ṣe àlùfáà. Ní 1867 ló bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tó jẹ́ ti àwọn ọmọdé nìkan, ní Islington. Ìwàásù àgbà làwọn ọmọ ń bá àwọn òbí wọn gbọ́ nígbà yẹn, lórí àga tí ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún kejì, ó wà létíkun Llandudno ní ilẹ̀ Wales, ní ìsinmi ìgbà ooru. Ó bá àwọn ọmọ tó ń ṣeré nínú yanrìn. Kò dá eré wọn dúró, kò sì pariwo lé wọn lórí. Ó fi ọwọ́ kọ ọ́ gàdàgbà sórí yanrìn pé Ìfẹ́ ni Ọlọ́run, ó ní kí wọ́n wá fi ìkarahun àti ewéko òkun ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Bí wọ́n ṣe ń tò ó, bẹ́ẹ̀ ló ń pìtàn Jésù fún wọn. Inú iṣẹ́ yẹn ni Scripture Union (SU), ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Bíbélì, ti jáde. Ní 1879 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kíka Bíbélì lójoojúmọ́, kò sì pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ tó fi dé Èkó. Ta ló lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ tí ò mọ SU? Títí kan àwa tí à ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà.

Ní New York, ní 1898, ìyàwó dókítà kan tó ń jẹ́ Hawes rí àwọn ọmọ tó ń rìn gbéregbère ní títì nígbà tí iléèwé wà ní ìsinmi. Ilé ọtí ló háyà láti kọ́ wọn ní Bíbélì. Ilé ọtí o! Ẹni tó bá ń dúró de gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù kó tó kọ́ ọmọdé, kó gbọ́.

Àwa Ìjẹ̀bú náà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. A mọ bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Kí ogun Ìmágbọn, tí àwọn òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà, tó wáyé ní 1892, àwọn bàbá wa ò gba míṣọ́nnárì láyè. Lẹ́yìn ogun náà, àfi bí ẹni pé omi ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó sì di 1918, tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn burúkú ń pa èèyàn káàkiri ayé, àwọn kan kóra jọ fún àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì St Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀kan nínú àwọn tí ohùn wọn rinlẹ̀ jù láàárín wọn ni Sophia Odunlami, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣe tíṣà. Àwọn ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, ara gbòǹgbò ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) ni wọ́n. Ọlọ́run ò bèèrè irun funfun lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn kó tó lò ó.

Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ọmọdé lè mọ Jésù fúnra rẹ̀, kì í ṣe nípasẹ̀ ìyá rẹ̀. Ní kámpù ọdún tó kọjá, lóru ọjọ́ kìíní, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ń sunkún lórí ẹní. Iná ò sí, òjò ń fọn síni lára láti ojú fèrèsé. Mo fẹ́ gbàdúrà fún un, àdúrà àgbà, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbà á fúnra mi." Ó ní, "Jésù, ibí yìí ṣókùnkùn. Mi ò mọ ẹnì kankan. Ẹ̀yin nìkan lẹ ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀." Ó fi "ẹ̀yin" bá Olúwa sọ̀rọ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Lẹ́yìn náà ló sùn. Èmi ni mi ò sùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tí à ń bá lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi iná ọ̀run àpáàdì dẹ́rù ba ọmọ ọdún méje lóru. Ọmọ tó bá tìtorí ẹ̀rù dìde láti gba Jésù ní alẹ́, ilẹ̀ á mọ́, á jókòó padà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ rántí Hánà. Ó kó Sámúẹ́lì lọ sí Ṣílò, ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n 1 Sámúẹ́lì 2:19 ní ó máa ń dá aṣọ ìlekè kékeré, á mú un lọ fún un lọ́dọọdún. Ọmọ ń ga, aṣọ ń tóbi. Báwo ló ṣe mọ ìwọ̀n rẹ̀? Ó ń wò ó ni. Ìsinmi kò burú, ìyá wa. Ẹ sinmi dáadáa. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, tí ọmọ bá fi orin àti ẹsẹ Bíbélì tuntun sẹ́nu wọlé, kí ó bá ẹnì kan lójúfò tó ti gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ pé O bá àwọn bàbá wa gbé inú àgọ́. Bá àwọn ọmọ wa gbé nínú kíláàsì tí wọ́n máa sùn sí. Bí wọ́n bá jí lóru tí wọn ò rí màmá, jẹ́ kí wọ́n rí Ọ.

Olúwa, pa àwọn awakọ̀ mọ́ lójú ọ̀nà. Má ṣe jẹ́ kí ibà wọlé tọ̀ wọ́n, má ṣe jẹ́ kí omi tàbí oúnjẹ di àrùn. Fún àwọn ìyá tó máa se ìkókoré fún ọgọ́rin ọmọ lórí iná igi lágbára, kí èéfín má fọ́ wọn lójú.

Olúwa, pa wá lẹ́nu mọ́ níbi tí ariwo wa bá ti fẹ́ bo ohùn Rẹ mọ́lẹ̀. Kọ́ wa láti kọ ìfẹ́ Rẹ síbi tí ọmọ ti ń ṣeré.

Baba, òbí tí iná àdúrà ilé rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tún iná rẹ̀ dá kí ọmọ tó dé. Àwọn ọmọ àdúgbò tí òbí wọn ò rí owó kámpù san, fi ẹni tó máa san án hàn wá kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ìbáà jẹ́ èmi.

Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.