Bí Mo Ṣe Ń Fi Pawnee Fa Gíláídà Gòkè

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Orí pápá koríko la wà ní England níbí, ìrì ò tíì gbẹ. Bàálù Piper Pawnee rèé lẹ́yìn mi. Ọdún 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn tó ń fọ́n oògùn sóko. Ìjókòó kan ṣoṣo ló ní, ẹ́ńjìnnì tiwa yìí sì ní agbára ẹṣin 235. Ẹni tó ti ń ru àgbá oògùn, kí ni gíláídà kan, bàálù tí ò ní ẹ́ńjìnnì, fẹ́ fi ṣe é?

Kí n tó wọlé, abẹ́ ìrù ni mo ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ sún kámẹ́rà mọ́bí. Ìkọ́ Tost nìyí, òun la ń so okùn gíláídà mọ́. Mo fi òrùka okùn kọ́ ọ, mo fà á dáadáa. Ẹnìkejì mi fa ọwọ́ ìtúkùn nínú lọ́hùn-ún. Gbàù! Ó jábọ́. Ìkọ́ tó bá ń tú nígbà tí okùn dẹ̀ nìkan, ẹ má fò pẹ̀lú ẹ̀.

Ẹ fọwọ́ tọ okùn láti orí dé ìdí. Irin pẹlẹbẹ aláwọ̀ yìí la ṣe kó já kí nǹkan ńlá tó bàjẹ́: búlúù ń já ní 600 daN (daN kan tó nǹkan bí ìwúwo kílò kan), funfun ní 500. Ìwé gíláídà ló ń sọ èyí tá a máa lò, kì í ṣe ojú díwọ̀n.

Tí ẹni tó ń fọwọ́ júwe fún mi nílẹ̀ bá ju ọwọ́ nísàlẹ̀, mo ń rá lọ síwájú títí okùn á fi nà. Tó bá jù ú lókè orí, ó yá, mo fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára ẹ̀!

Alákàn ń fojú ṣọ́rí. Dígí kékeré yìí lèmi fi ń ṣọ́ ìrù. Tí gíláídà bá ga jù lẹ́yìn mi, á gbé ìrù mi sókè, imú á dojú kọlẹ̀, kò sí bí mo ṣe fa ọ̀pá ìdarí tó tó máa gbọ́. Ó ṣe mí rí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ti ga, ọwọ́ mi sì wà nítòsí ọwọ́ ìtúkùn. Mo tú u, n ò bẹ̀bẹ̀.

Tí mo bá mi apá bàálù, ó túmọ̀ sí pé kí awakọ̀ gíláídà jára ẹ̀ sílẹ̀ kíá. Ìrù tí mo bá jù sọ́tùn-ún sósì ńkọ́? Kó wo bíréèkì apá ẹ̀ ni, ìyẹn pátákó tó ń yọ jáde lára apá láti dín eré kù, ó ti ṣí. Ọ̀pọ̀ ń ṣi méjèèjì mú fúnra wọn.

Ní ẹsẹ̀ bàtà 2,000, gíláídà ti já ara ẹ̀ sílẹ̀, ó ti lọ. Mo wo dígí lẹ́ẹ̀kan sí i kó dá mi lójú, kí n tó yà. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Atẹ́gùn tútù tó bá kọ lu sílíńdà gbígbóná lójijì, sísán ni yóò sán. Tí mo bá ń bọ̀ wálẹ̀, okùn ṣì ń fì nídìí mi, mo ní láti ga ju ti tẹ́lẹ̀ kọjá igi ọgbà yẹn.