Òkúta Tí Wọ́n Gbé Sábẹ́ Mósè

Ibi kíkà: Ẹ́kísódù 17:8-13

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. A dúpẹ́ pé a jí. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú yín tí wọn kò sùn dáadáa. Ìwé ìdánwò tí ẹ ṣí lálẹ́ àná ṣì wà ní ojú ewé tí ẹ ṣí i sí, ẹ kò sì lè sọ ibi tí wákàtí mẹ́ta gbà lọ. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, tí dókítà sì ti sọ fún yín pé ADHD, àìlera inú ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọkàn ẹni gbọ́ àṣẹ dúró síbi kan, ni ohun tó ń bá yín fínra láti kékeré. Èmi náà wà lára yín. Mo ti ń ṣiṣẹ́ oṣù kí n tó mọ orúkọ rẹ̀. Kí n tó parí ìpínrọ̀ yìí pàápàá, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì lọ wá nǹkan tí n kò rántí mọ́.

Ogun Ámálẹ́kì dé bá Ísírẹ́lì ní Réfídímù. Jóṣúà kó àwọn ọkùnrin lọ sójú ìjà, Mósè gun orí òkè pẹ̀lú ọ̀pá Ọlọ́run lọ́wọ́. Bí ó bá gbé ọwọ́ sókè, Ísírẹ́lì a máa borí. Bí ó bá sọ ọ́ kalẹ̀, Ámálẹ́kì a máa borí. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Mósè tí ó na ọwọ́ sórí òkun tí omi fi pínyà, ọwọ́ kan náà ló rẹ̀ ẹ́ yìí.

Ìwàásù tí mo ti gbọ́ lórí ibí yìí pọ̀, àìdákẹ́ àdúrà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì dá lé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí nínú ìtàn náà ni ojú mi dúró sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún Mósè pé, "Ṣáà gbìyànjú sí i." Kò sẹ́ni tó pè é ní ọ̀lẹ. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tí Jóṣúà ń ju idà tí apá kò ro ó. Wọ́n lọ wá òkúta, wọ́n gbé e sábẹ́ rẹ̀, ó jókòó. Áárónì dì í mú lápá kan, Húrì dì í mú lápá kejì, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró gbọin títí oòrùn fi wọ̀.

Òkúta lásán, tí wọ́n rí nílẹ̀ níbẹ̀!

Àwọn kan ní fóònù ló kó gbogbo èyí bá wa. Fóònù wo ló wà ní ọdún 1798, nígbà tí Alexander Crichton, dókítà ará Scotland, kọ̀wé nípa àwọn tí ọkàn wọn kì í dúró síbi kan, tí ìró díẹ̀ sì ń dà wọ́n láàmú? Ní 1902, George Still náà sọ̀rọ̀ nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London. ADHD máa ń rìn nínú ìdílé, àwọn onímọ̀ sì ti rí i pé ọwọ́ dopamine, kẹ́míkà inú ọpọlọ kan, wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé a kò ní ìfọkànsí. A ní in, kì í kàn gbọ́ àṣẹ ni. Ohun tó bá wù wá, a lè jókòó tì í látàárọ̀ dalẹ́ láìmumi. Ṣùgbọ́n ìdánwò tó ku oṣù mẹ́ta, lójú tiwa, kò tíì sí láyé. Ìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan ló ń ṣẹ̀ṣẹ̀ di òótọ́, tí àyà á wá máa já.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìdánwò tèmi, mo fìdí rẹmi. Mo ka ìwé náà tán lẹ́ẹ̀mejì, mo fi bírò aláwọ̀ mẹ́rin fa ìlà sí i. Nígbà tí ìbéèrè dé, mo rántí àwọ̀ tí mo fi fa ìlà náà, n kò rántí ohun tó wà lórí ìlà. Lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ nípa iṣẹ́ tí Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan, gbé jáde ní 2006. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tún ọ̀rọ̀ náà kà lákàtúnkà rántí dáadáa lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún; nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n gbìyànjú láti sọ ohun tí wọ́n kà ló ṣíwájú wọn. Àkàtúnkà máa ń tan ni jẹ. Ẹ pa ìwé dé, kí ẹ bi ara yín léèrè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí eré, ọpọlọ tiwa sì fẹ́ràn eré.

Òkúta wo ló kù? Àago tí ń ka ìṣẹ́jú 25, tó bá dún kí ẹ dìde. Ìgbà tí Francesco Cirillo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi àago ilé ìdáná ka àkókò ìwé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí 25 bá pọ̀ jù, ẹ mú mẹ́wàá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìwé pélébé kan ní ẹ̀gbẹ́ yín, tí ẹ ó máa kọ gbogbo èrò tó bá yọjú sí, kí ẹ má baà tẹ̀ lé e jáde. Áárónì kan tí yóò jókòó sí yàrá kan náà, tàbí lórí fídíò, tí yóò máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kò nílò láti mọ nǹkan kan nípa ìdánwò yín. Oorun náà. Àti oògùn, fún ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún. Ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidi sọ fún mi pé ẹni tó ní ìgbàgbọ́ kì í lo irú rẹ̀. Gíláàsì ló wọ̀ sójú nígbà tó ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n òkúta tó nira jù fún mi láti jókòó lé ni àfikún àkókò. Ọ̀pọ̀ àjọ tó ń ṣe ìdánwò máa ń fún ẹni tó bá ní ADHD ní àkókò sí i, wákàtí méjì a di mẹ́ta. Wọ́n lè fúnni ní yàrá ọ̀tọ̀ tàbí àyè àti sinmi. A ní láti béèrè ṣáájú, pẹ̀lú ìwé láti ọwọ́ dókítà, ọ̀pọ̀ wọn sì fẹ́ ká béèrè kí a tó mú ọjọ́ ìdánwò rárá. Ìdáhùn lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ kò ní rí i gbà láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ débẹ̀.

Mo mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ yẹn. Ojú ló tì mí. Mo ní mo fẹ́ yege bí àwọn yòókù ṣe ń yege, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo rẹ́ wọn jẹ. Ìdánwò CompTIA Security+, ti ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, bí àpẹẹrẹ, ìbéèrè lè tó 90, ìṣẹ́jú 90 sì ni gbogbo rẹ̀: ìṣẹ́jú kan sí ìbéèrè kan. Ẹni tó ń ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó wọ̀ ọ́ létí, báwo ni yóò ṣe bá ìyẹn dọ́gba? Mósè kò ní kí wọ́n gbé òkúta kúrò. Òkúta náà kò sì bá Jóṣúà jagun: idà ṣì ṣiṣẹ́, òógùn ṣì ṣàn. Àfikún àkókò kò ní dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo bá yín.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Ẹ lè dúró, ẹ lè jókòó, ẹ lè máa rìn kiri inú yàrá. Ẹni tó dá ẹsẹ̀ tí kì í dúró jẹ́ ń gbọ́ àdúrà ẹni tó ń rìn.

Bàbá, mo dúpẹ́. O mọ̀ pé erùpẹ̀ ni mí, ìwọ lo sì po erùpẹ̀ náà. Orúkọ tí mo ti fi pe ara mi, ọ̀lẹ, olódo, aláìníláárí, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ láàárọ̀ yìí. Gba ahọ́n mi lọ́wọ́ rẹ̀. Àmín.

Olúwa, ohun tí mo bá kà lónìí, má jẹ́ kó dà nù bí omi inú ajẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì dà nù, fún mi ní sùúrù láti tún un pọn. Àmín.

Ọjọ́ tí mo bá fi ṣòfò, má jẹ́ kí n fi ọjọ́ kejì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Àmín.

Fi Áárónì mi hàn mí, Olúwa, fi Húrì mi hàn mí. Fún mi ní ẹnu láti béèrè, kí o sì fún ẹni tí yóò ka ìwé mi ní ojú àánú. Ràn dókítà tó ń tọ́jú mi lọ́wọ́. Rántí àwọn tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, tí wọn kò fẹ́ kí ilé gbọ́. Àmín.

Lọ́jọ́ ìdánwò, tí ìṣẹ́jú bá ń sáré lójú kọ̀ǹpútà, tí ẹni ẹ̀gbẹ́ mi bá ń tẹ bọ́tìnnì wàràwàrà, fi ọkàn mi sórí ìbéèrè kan ṣoṣo, èyí tó wà níwájú mi. Bí ó bá ṣáko lọ, fà á padà wẹ́rẹ́, má nà án. Bí ọwọ́ mi bá wúwo, jẹ́ kí n rántí pé o kò bínú sí Mósè. Dì mí mú lápá ọ̀tún, dì mí mú lápá òsì, títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.