Orí káńtà apoògùn ni òfin oògùn Amẹ́ríkà ti ń pàdé

Ẹ kú ìjókòó o. Lọ́dún 1937, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ sọ sulfanilamide, oògùn tó ń gbógun ti kòkòrò àrùn, di oògùn olómi. Diethylene glycol, tó jẹ́ májèlé, ni wọ́n fi yọ́ ọ, wọn ò sì dán an wò kí wọ́n tó kó o sọ́jà. Ó lé ní 100 ènìyàn tó bá a lọ, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ máa fẹ̀sùn kàn wọ́n, ohun tí wọ́n rí dì mú kò ju pé wọ́n pè é ní "elixir", orúkọ oògùn olómi tó ní ọtí, nígbà tí kò sí ọtí nínú rẹ̀. Òfin ìgbà náà ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ fi hàn pé oògùn ò ní pa ènìyàn.

Òfin ọdún 1938 dí ihò yẹn: ó gbọ́dọ̀ hàn kedere níwájú FDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, pé oògùn tuntun ò séwu kó tó dé ọjà. Lọ́dún 1962 ni wọ́n fi kún un pé ó tún gbọ́dọ̀ hàn pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé FDA ló ń fún apoògùn níwèé àṣẹ. Rárá o. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìyẹn. DEA, àjọ ìjọba àpapọ̀ mìíràn tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, ló ń ṣọ́ àwọn oògùn tó lè di bárakú, lábẹ́ òfin ọdún 1970 tó pín wọn sí ìpele márùn-ún. Heroin wà ní ìpele 1, dókítà ò lè kọ ọ́ fún aláìsàn. Morphine wà ní ìpele 2: ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fi ìwé rẹ̀ gba oògùn, kò sí àtúngbà. Ìpele 3 àti 4 ṣeé tún gbà lẹ́ẹ̀marùn-ún, láàárín oṣù mẹ́fà péré.

Bí wọ́n bá gbé ìwé oògùn bẹ́ẹ̀ wá, nọ́ńbà DEA dókítà, ìyẹn nọ́ńbà tí DEA fún un láti máa kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀, ni kí apoògùn kọ́kọ́ wò. Ẹ jẹ́ ká mú AB1234563. Nínú nọ́ńbà méje tó tẹ̀ lé lẹ́tà méjì náà, ẹ ro ìkíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún pọ̀: 1, 3 àti 5 jẹ́ 9. Ẹ ro ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà pọ̀, 12 ni. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 24. 9 àti 24 jẹ́ 33. 3 tó gbẹ̀yìn nínú 33 gbọ́dọ̀ bá ìkeje mu. Bí kò bá bá a mu, ayédèrú ni tàbí àṣìkọ. Ṣùgbọ́n bó bá a mu pàápàá, kò tíì tó: àwọn gbájúẹ̀ náà mọ ìṣirò yìí. Ẹ pe ọ́fíìsì dókítà, kó má sì jẹ́ nọ́ńbà fóònù orí ìwé yẹn lẹ ó pè.

Bí oògùn ìpele 2 ò bá pé lórí àtẹ, ẹ lè fún aláìsàn ní ìwọ̀nba tó wà, kí ìyókù tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láàárín wákàtí 72. Bí àkókò yẹn bá kọjá, ìwé tuntun ni. Bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá sọnù, ẹ kọ̀wé sí DEA láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan tẹ́ ẹ bá ti mọ̀.

Ó ku ìdérí ìgò. Òfin mìíràn ní 1970 sọ pé kí ìdérí ìgò oògùn le fún ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún láti ṣí. Wọ́n yọ nitroglycerin tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n sílẹ̀, torí ẹni tí àyà ń dùn ò ráyè bá ìdérí jà. Inú ìgò tó bá wá ni kẹ́ ẹ sì fi í sí: bẹ́ ẹ bá dà á sínú ike lásán, agbára rẹ̀ á máa fẹ́ lọ, ọjọ́ tí àyà bá sì dùn, kò ní ṣiṣẹ́.