Wáàsí Jímọ̀: Wọn ò bọ́ wọn, wọn ò sì tú wọn sílẹ̀

Àsàláámù àléékúmù, ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ kú Jímọ̀.

Obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò. Ó sé e mọ́lé, kò fún un lóúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kó lọ ṣa kòkòrò ilẹ̀ jẹ, títí ó fi kú. Ànọ́bì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ló sọ ọ́. Ó wà nínú Bukhari àti Muslim. Láti ilé kéú la ti ń gbọ́ àdíìsì yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi tó ti ní kò tú u sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe fún ìlú El Fasher, ní Darfur, nílẹ̀ Sudan, gan-an nìyẹn. Ogun náà bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2023, nínú Ramadan, ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí a túnu. Àwọn ọmọ ogun ìjọba Sudan tí Ọ̀gágun al-Burhan ń darí ń bá àwọn RSF jà, ìyẹn ẹgbẹ́ ológun tí Hemedti ń darí. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn RSF sé El Fasher mọ́. Wọ́n fi òkìtì yẹ̀pẹ̀ yí i ká. Ọkọ̀ oúnjẹ ò wọlé mọ́, ẹni tó bá sì jáde lọ wá tirẹ̀, bóyá ni yóò padà. Nígbà tó yá, ambaz ni àwọn èèyàn ń jẹ, ìyẹn èyí tó kù nínú ẹ̀pà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún òróró rẹ̀ tán, tí wọ́n fi ń bọ́ ẹran. Àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kúlíkúlí mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ro ìyá tó gbé ti ẹran ka iwájú ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ wọn, wọ́n sì pa àwọn èèyàn títí dé inú ilé ìwòsàn.

Mùsùlùmí ló ń yìnbọn, Mùsùlùmí ló ń kú. Kúbílà kan náà. Èyí ló dùn mí jù.

Sudan ò sì jìnnà sí wa. Ọ̀nà ibẹ̀ làwọn bàbá wa tó fẹsẹ̀ rìn lọ Mẹ́kà gbà, Khartoum sì lọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kàwé kí ogun tó lé wọn wálé.

Àwọn kan ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni. Ẹ ṣí Súrà Dhariyat, áyà 19: ẹ̀tọ́ wà nínú dúkìá àwọn olùbẹ̀rù Ọlọ́hun fún ẹni tó ń tọrọ àti ẹni tí wọ́n fi nǹkan dù. *Haqq* ni Ọlọ́hun pè é, kò pè é ní oore. Nínú àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, ọmọ ojú ọ̀nà, ìyẹn arìnrìn-àjò tí nǹkan tán lọ́wọ́ rẹ̀, wà níbẹ̀. Ta ló tún jẹ́ ọmọ ojú ọ̀nà ju ẹni tó rù'gbá rù'wọ̀n láti Darfur dé Adré ní Chad?

Nígbà tí ọ̀nà dí, àwọn ọ̀dọ́ Sudan fúnra wọn dá ààrò sílẹ̀ ládùúgbò, wọ́n ń se ẹ̀wà àti ọkà bàbà fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé abọ́ wá. Wọ́n ti àwọn kan mọ́lé nínú wọn, wọ́n pa àwọn míì. Àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń rántí tí mo bá ka áyà inú Súrà Insan: "Nítorí ojú rere Ọlọ́hun la ṣe ń fún yín jẹ, a ò fẹ́ ẹ̀san, a ò fẹ́ ọpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Kwara níbí náà ńkọ́? Àwọn ará abúlé wa ní Ìfẹ́lódùn àti Pàtígì tí àwọn ajínigbé lé kúrò lóko wà láàárín wa. A fún wọn ní kóńgò ìrẹsì kan, a ya fọ́tò ojú wọn, ó di orí Facebook. Ẹni tó ń san gbèsè kì í ya fọ́tò olówó rẹ̀. Súrà Baqarah, áyà 264, ní ìrègún àti ìnira máa ń ba sàráà jẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ dé Sudan, kó gba ọwọ́ ẹgbẹ́ tí ọ̀nà wọn mọ́, bíi Red Crescent, kó má fowó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà báńkì tó kàn rí lórí WhatsApp. Ẹni tí apá rẹ̀ ò ká a, ẹni tó sùn sílé ẹbí ní òpópónà kejì ń retí rẹ̀.

Ọlọ́hun, ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ oúnjẹ. Má jẹ́ kí iná kú nínú ààrò àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Àwọn tó sé èèyàn mọ́ bí ológbò, tú ọwọ́ wọn kúrò lọ́rùn ẹrú rẹ. Áámín.